Ta Ló Ni Owó Inú Àpò?

Tí ẹ bá ti lọ sí òde àríyá rí ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ ti rí i. Olórin á pe orúkọ ẹnìkan, á fi oríkì lé e. Ẹni náà á dìde, á máa jó bọ̀ níwájú ìtàgé, á máa yọ owó lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ olórin níwájú orí. Ọmọkùnrin kan á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa ṣa owó yẹn sínú àpò. Ìbéèrè mi kò gùn, àmọ́ mo ti rí ẹgbẹ́ olórin tó tú ká nítorí rẹ̀: ta ló ni owó inú àpò yẹn?

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ sọ ni pé ọ̀gá ló ni ín. Òun ni wọ́n pè sóde, orúkọ rẹ̀ ló wà lára pátákó, iwájú orí rẹ̀ ni wọ́n lẹ owó mọ́. Àwọn bọ́ìsì ti mọ iye tí wọ́n máa gbà kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Kí ló tún kù? Èmi tí mo máa ń ta gìtá báàsì lẹ́yìn níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù jáàsì, mo rò pé ó ku nǹkan púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí báàsì ń ṣe, torí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí gìtá yòókù. Okùn mẹ́rin ló sábà máa ń ní, àwọn mìíràn ní márùn-ún. Okùn rẹ̀ nípọn, ohùn rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Èyí tó nípọn jù lára báàsì olókùn mẹ́rin máa ń gbọ̀n bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá jẹ́ olókùn márùn-ún, bí ìgbà 31. Ohùn tó bá wà nísàlẹ̀ tó báyẹn, etí nìkan kọ́ ló ń gbọ́ ọ. Àyà ń gbọ́ ọ, àtẹ́lẹsẹ̀ náà ń gbọ́ ọ. Ẹni tó ń jó lè má mọ̀ rárá pé báàsì wà nínú orin, àmọ́ tí báàsì bá dákẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sọ fún un. Iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe àjèjì sí wa. Inú orin àpàlà ti Haruna Ishola, agídìgbo ló ń ṣe é, kò sí gìtá kankan níbẹ̀. Leo Fender gbé Precision Bass tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1951, ó dáa, a kí i. Ṣùgbọ́n àwa náà ti mọ̀ pé orin gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ tó dúró lé.

Òde kan wà tí mo lọ gẹ́gẹ́ bí àlejò, tí kì í ṣe èmi ni mo ń ta gìtá. Báàsì tí wọ́n gbé wá jẹ́ irú èyí tó ń lo bátìrì oní-9 volt nínú. Irú báàsì bẹ́ẹ̀, tí o bá ti ki wáyà bọ̀ ọ́, bátìrì ti ń jẹ nìyẹn, bóo ń ta á, bó ò ta á. Láàárín orin, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ha, lẹ́yìn náà ó kú. Ọ̀gá ṣì ń kọrin, ìlù ṣì ń dún, gángan ṣì ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ àwọn tó wà lójú agbo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ìyá kan tó ń náwó lọ́wọ́ dáwọ́ dúró, ó yíjú sẹ́yìn bíi pé ẹnìkan fọwọ́ kàn án. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kí wọ́n tó rí bátìrì mìíràn, nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn, mi ò rí ẹni tó lẹ náírà kan mọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwa tí a ń kọ sọ́fítíwia mọ irú ìdánwò yìí dáadáa. Tóo bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀yà kan ń ṣe, yọ ọ́ kúrò, kóo wo ohun tó máa bàjẹ́. Ó rọrùn láti sáré láti ibẹ̀ lọ sí pé, ẹ wò ó, báàsì ló ń mú owó wá, ẹ pín in fún wa. Ìdánwò náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Tí ọ̀gá bá dákẹ́, owó á dúró. Tí onílù jáàsì bá dákẹ́, owó á dúró. Tí iná bá lọ, gbogbo rẹ̀ á dúró, a ò sì tìtorí ìyẹn sọ pé kí wọ́n fún jẹnẹrétọ̀ ní ìdajì. Ohun tí ìdánwò yẹn lè sọ fún wa ni pé kò sí ẹni tó dá owó náà pa. Èló ló tọ́ sí ta ni? Ìyẹn kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ọ̀gá, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo ju bí àwọn bọ́ìsì ṣe máa ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ó ní: èmi ni mo ra sípíkà, èmi ni mo ń tún ọkọ̀ ṣe, èmi ni mo ń ra epo. Tí òde kò bá sí fún oṣù méjì, èmi ni wọ́n á wá bá nílé pé ọmọ ń ṣàìsàn. Ogún ọdún ni mo fi kọ́ orúkọ yìí. Àwọn bọ́ìsì, iye tí a bá dá ni wọ́n ń gbà, yálà wọ́n náwó fún wa tàbí wọn ò ná. Ẹni tó bá máa jẹ gbèsè nígbà tí òde bá gbẹ, ṣebí òun náà ló yẹ kó jẹ èrè nígbà tó bá kún?

Mo fara mọ́ ìlànà yẹn pátápátá. Ibi tí mo ti ń bá ọ̀pọ̀ ọ̀gá jà ni pé wọn kì í tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti bá báǹdì lọ sóde rí mọ gbólóhùn yìí: "Ẹ̀yin náà rí i, òde ò dáa lónìí, ẹ ṣe sùúrù." Wọ́n á gé owó tí wọ́n ti dá. Wọ́n á san ìdajì, ìyókù á di ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí òde bá gbẹ, a di ẹbí kan, ẹ jẹ́ ká jọ fara dà á. Nígbà tó bá kún, ọ̀gá di oníṣòwò, àwa di alágbàṣe. Kò yẹ kéèyàn máa lo òfin méjèèjì pọ̀. Tó bá jẹ́ alágbàṣe la jẹ́, kó san owó wa pé lọ́jọ́ tí òjò lé gbogbo àlejò lọ. Tó bá jẹ́ ẹbí la jẹ́, kó tú àpò sílẹ̀ níwájú wa.

Àwọn kan á ní ẹ̀bùn ni, kì í ṣe owó iṣẹ́, ẹ̀bùn sì jẹ́ ti ẹni tí wọ́n fún. Ẹ wo àwọn onídùndún. Iwájú orí ẹni tó ń lu ìyáàlù ni owó ń lẹ̀ mọ́, torí ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ló pe bàbá onínàáwó ní ọmọ ẹkùn. Àmọ́ tí omele bá dákẹ́, ohun tí ìyáàlù ń sọ máa di ọ̀rọ̀ lásán, ẹnikẹ́ni kò ní lè jó o. Ẹni tó ń náwó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kódà tí kò rò ó. Ijó ló wú u lórí tó fi ń ná an. Kò lè máa lẹ owó mọ́ omele mẹ́ta, gúdúgúdú àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ á ṣú. Ó wá ibì kan lẹ̀ ẹ́ mọ́ sí. Lójú tèmi, iwájú orí ọ̀gá dà bí àpótí tí wọ́n ń sọ lẹ́tà sí lẹ́nu ọ̀nà: òun kọ́ ni gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ ń bá wí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ wa nìkan. Ní ìlú Detroit, James Jamerson ló ta báàsì nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin tí ilé iṣẹ́ Motown gbé jáde láàárín ọdún 1960 sí 1970, èyí tí gbogbo ayé jó. Ìka kan ṣoṣo ló fi ń ta á, kì í sì í pààrọ̀ okùn gìtá rẹ̀ àfi tó bá já. Àwọn tó ra àwo náà kò mọ orúkọ rẹ̀, torí wọn kì í kọ orúkọ àwọn tó ń lù ú sẹ́yìn àwo. Ó di 1971, nínú What's Going On ti Marvin Gaye, kí orúkọ rẹ̀ tó hàn sí gbangba. Ó kú ní 1983, ẹni ọdún 47. Ní 2000 ni wọ́n tó wá fi í sínú Rock and Roll Hall of Fame. Oyè yẹn dára, àmọ́ òkú kì í fi oyè san owó ilé.

Nílé níbí, ẹ rántí Fẹlá. Ní 1978, lẹ́yìn tí wọ́n ṣeré níbi àjọ̀dún jáàsì ní Berlin ní Jámánì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í sílẹ̀, Tony Allen onílù náà sì lọ. Ọ̀rọ̀ owó wà nínú ìjà náà. Wọ́n gbọ́ pé owó òde yẹn ni ó fẹ́ fi polongo fún ipò ààrẹ. Mo fẹ́ràn Fẹlá. Ẹni tó ń fi orin bá ìjọba wí lórí ìyà àwọn òṣìṣẹ́, mo kàn máa ń wò ó pé àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìtàgé kan náà.

Ọ̀rọ̀ tún ti yí padà báyìí. Òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007, abala 21, ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti máa ná náírà níbi àríyá tàbí láti máa jó lórí rẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò sẹ́ni tó kà á sí. Ní oṣù kẹrin 2024, ilé ẹjọ́ kan ní Èkó rán gbajúmọ̀ kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀, ni ojú bá là. Láti ìgbà náà, mo ti rí i níbi púpọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe tíráńsífà fún olórin. Àkáǹtì ta ni? Ti ọ̀gá. Nígbà tó jẹ́ àpò, gbogbo wa ń rí bó ṣe ń wú; a lè má rí nínú rẹ̀ gbà, àmọ́ a mọ̀. Ní báyìí, fóònù á kàn gbọ̀n nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á tún pe orúkọ mìíràn. Lójú mi, èyí burú ju àìpín lọ. Ẹni tí kò mọ iye tó wọlé kò tiẹ̀ lè mọ̀ bóyá wọ́n rẹ́ ẹ jẹ.

Báwo wá ni ká ṣe pín in? Ọgbọ́n tó wù mí jù wà lọ́wọ́ àwọn apẹja etíkun ní Gánà. Tí wọ́n bá ta ẹja tán, ọkọ̀ ní ìpín tirẹ̀, àwọ̀n àti ẹ́ńjìnnì ní tiwọn, àwọn tó fà á ní tiwọn. Irinṣẹ́ ń gba owó bí èèyàn, ẹni tó bá sì ni irinṣẹ́ ló ń gbé ìpín yẹn lọ. Ká ní ₦400,000 ló wọ àpò, a sì jẹ́ méjìlá lẹ́yìn ọ̀gá. Ìpín márùn-ún fún ọ̀gá, torí orúkọ rẹ̀ àti ewu tó ń gbé. Mẹ́ta fún irinṣẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fún wa. Ogún ìpín nìyẹn, ₦20,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá á kó ₦100,000, á tún kó èyí tó pọ̀ jù nínú ti irinṣẹ́. Àmọ́ èmi tí mo gbé báàsì tèmi wá, tí mo ra okùn rẹ̀, á rí díẹ̀ gbà nínú ìyẹn. Ọ̀gá wa gbà ká dán an wò.

Ìlànà yìí gé èmi náà lọ́wọ́. Bàbá àgbà kan, n'Ìbàdàn, kọjá ọ̀gá, ó wá bá mi níbi tí mo dúró sí lẹ́yìn, ó ń lẹ owó mọ́ mi lórí, ó ní ohun tí mò ń tà ni òun ń jó. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń ta báàsì, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Tí iwájú orí ọ̀gá bá jẹ́ àpótí lẹ́tà, tèmi náà ńkọ́? Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò. Kò dùn mọ́ mi.

Onígángan wa ni kò gbà. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ̀yin ń ta gìtá fún gbogbo èèyàn. Èmi, orúkọ bàbá ẹni náà ni mo pè. Tí mi ò bá mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, ṣé ó máa dìde lórí àga?" Òótọ́ ló sọ. Kò sí ẹlòmíràn nínú wa tó ń jókòó ti àwọn àgbà láti kọ́ oríkì ìlú méje, ẹnikẹ́ni kò sì sanwó ìyẹn fún un rí. A fún un ní ìpín kan àtààbọ̀. Ó ní méjì ni. A ní òde lọ́jọ́ Sátidé, ibẹ̀ la sì bá ọ̀rọ̀ dé báyìí.