Ibi tí Ọwọ́ Ń Dé Lára Orí

Nínú èrò àwọn Yorùbá nípa ènìyàn, kò sí ẹ̀yà ara tí a bọ̀wọ̀ fún tó orí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ọwọ́ ẹlòmíràn máa ń kàn tó o láti ìgbà ọmọdé, nítorí a ń fọ̀ ọ́, a ń fi òróró pa á, a ń dì í, a sì ń fá a. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n kọ̀wé lórí ẹ̀sìn Yorùbá ti sọ púpọ̀ nípa orí inú, ìyẹn orí tí ojú kò rí, tí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan yàn ní ọ̀run kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sáyé, tí ohun tí ẹ̀dá náà yóò dà sì wà nínú rẹ̀. Orí òde, ìyẹn agbárí, awọ tí ó bò ó àti irun tí ó hù sórí awọ náà, ni wọ́n sábà máa ń kà sí àpẹẹrẹ fún ti inú, tí wọ́n á sì fi ìtọ́jú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn onídìrí àti àwọn ìyá ọlọ́mọ. Ìbéèrè ńlá kan fara sin síbẹ̀: bí orí inú bá jẹ́ ohun tí a ti yàn tán, tí ọwọ́ kò sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ni ọwọ́ tí ń fi àdín ra awọ orí ọmọ ń ṣe ní ti gidi?

Ìtàn tí a sábà máa ń gbé kalẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ yìí wà nínú odù Ifá tí a ń pè ní Ogbè Ògúndá, èyí tí onímọ̀ Wándé Abímbọ́lá tú palẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1976. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, ni wọ́n gbéra láti lọ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tí ń mọ orí fún gbogbo ẹ̀dá, tí ó sì jẹ́ onígbèsè paraku. Àwọn méjì tí wọ́n ṣíwájú dé ibẹ̀ mú orí tí ó wù wọ́n lójú, wọn kò sì mọ̀ pé iná kò tíì jó amọ̀ náà dé inú, débi pé nígbà tí òjò ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà ayé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí náà díẹ̀díẹ̀. Afùwàpẹ́, tí ó ti dúró rúbọ, tí ó sì fi iyọ̀ àti owó tí a ní kí ó mú dání ṣe ènìyàn lóore lójú ọ̀nà, ni ó rí orí tí òjò kò lè ṣe nǹkan kan. Àlàyé Abímbọ́lá ni pé ẹni tí orí rẹ̀ fọ́ yóò máa fi èrè iṣẹ́ rẹ̀ tún ihò ibẹ̀ dí, kò sì ní ní ohun tí yóò fi lówó lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìtàn yìí tí a kì í sábà tẹ̀ mọ́, ìyẹn ni pé orí jẹ́ ohun tí a lè tún ṣe. Amọ̀ ni í, amọ̀ sì ń gba ìtúnṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtúnṣe náà lè gba gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tí ó jáde ní ọdún 1962, pín ìpín ẹ̀dá sí ọ̀nà mẹ́ta: àkúnlẹ̀yàn, èyí tí ẹ̀dá kúnlẹ̀ tí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ yàn, àkúnlẹ̀gbà, èyí tí ó kúnlẹ̀ tí a sì gbé lé e lọ́wọ́, àti àyànmọ́, èyí tí a fi mọ́ ọn lára. Ó tún ṣàlàyé pé ìwà ẹni fúnra rẹ̀, ẹbọ, àti ọwọ́ ọmọ aráyé lè yí ìpín náà padà sí rere tàbí sí búburú. Ṣẹ́gun Gbàdégẹṣin, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1991, wá bi ìgbàgbọ́ náà léèrè bóyá a lè sọ pé ènìyàn yan ohun tí kò mọ inú rẹ̀, àti pé, bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀bi ta ni. Ìbéèrè náà lágbára, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ni àwọn tí ń dáhùn rẹ̀ máa ń wò. Ó yẹ kí a wo ibi tí ó súnmọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí lórí awọ orí gan-an ni ohun tí a gbà láti ọ̀run àti ohun tí ọwọ́ ń ṣe ti ń pàdé lójoojúmọ́.

Ohun tí a kò fi ọwọ́ ẹni yàn pọ̀ lára awọ yìí. Inú oyún ni gbogbo ihò tí irun ti ń hù ti máa ń pé sí ara ọmọ, ó máa ń tó bí 100,000 lórí àgbà, kò sì sí òróró tàbí àgbo kankan tí ó lè dá ihò tuntun sílẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti bí ènìyàn. Bí irun ṣe ń lọ́, bí ó ṣe nípọn tó, àti ìgbà tí apárí yóò yọ lórí ọkùnrin, ẹ̀jẹ̀ ìdílé ni ó ń pinnu púpọ̀ nínú wọn. Irun ń gùn ní nǹkan bíi ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, ẹni tí ó bá ń fi òróró pa á lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ kò sì ní mú kí ó sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí àkúnlẹ̀gbà túmọ̀ sí lára ènìyàn tí ó wà láàyè, àpẹẹrẹ tí ó hàn kedere jù èyí lọ ṣòro láti rí.

Síbẹ̀, ohun tí ọwọ́ lè ṣe kì í ṣe kékeré. Àdín, òróró tí a yọ láti inú èkùrọ́, àti òróró àgbọn jọra gan-an ní ẹ̀dá wọn, nítorí oríṣi ọ̀rá kan náà ni ó kó nǹkan bí ìdajì wọn, ọ̀rá yìí sì ní agbára láti wọ inú fọ́nrán irun kí ó sì dín bí omi ìfọrun ṣe ń jẹ irun kù. Òrí, tí àwọn obìnrin Òkè-Ògùn àti Kwara ń yọ láti inú èso igi èmì nípa síṣá a, yíyan án, lílọ̀ ọ́ àti fífi ọwọ́ pò ó títí ọ̀rá funfun yóò fi léfòó, kì í wọnú tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń bo awọ, ó sì ń sé omi ara mọ́ inú rẹ̀ ní àkókò ọyẹ́. Ọṣẹ dúdú, tí a fi eérú èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àdín sè, ń ṣí ìdọ̀tí àti ọ̀rá àtijọ́ kúrò kíákíá, àmọ́ nítorí agbára eérú tí ó wà nínú rẹ̀, tí awọ orí sì jẹ́ ohun tí ó kan díẹ̀ ní ẹ̀dá rẹ̀, a gbọ́dọ̀ fi omi púpọ̀ ṣàn án kúrò, kí a sì fi òróró tẹ̀ lé e. Àwọn ìyá àtijọ́ tí wọ́n máa ń fi ọṣẹ dúdú wẹ orí ọmọ, tí wọ́n á sì fi àdín tẹ̀ lé e, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún wọn ní èdè sáyẹ́ǹsì.

Àfiyèsí kan ṣe pàtàkì níhìn-ín, nítorí ìfẹ́ tí a ní sí ohun ìbílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọ́ wa lójú. Nígbà tí ìpẹ́ funfun bá ń ṣí lórí ènìyàn tí ó sì ń yún un, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ yóò ṣe ni pé kí wọ́n da òróró sí i, wọ́n rò pé awọ náà gbẹ. Nínú ọ̀pọ̀ irú orí bẹ́ẹ̀, ohun tí ó fà á ni ohun abẹ̀mí kékeré kan tí ojú kò lè rí, tí ó jẹ́ ẹ̀yà olú, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Malassezia, èyí tí ó ń gbé lórí awọ gbogbo ènìyàn, tí ọ̀rá sì jẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Òróró tí a ń dà sí i ń bọ́ ọ ni. Bákan náà ni omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fi pa orí, tí a sì bọ́ sí oòrùn, lè jó awọ. Inú rere wà nínú ọwọ́ tí ń ṣe nǹkan wọ̀nyí, ṣùgbọ́n inú rere tí kò ní ìmọ̀ nínú kò tíì di ìtọ́jú.

Ọwọ́ tún lè ba ohun tí Àjàlá mọ dáadáa jẹ́. Bí a bá ń di irun ọmọbìnrin le koko láti kékeré, tí iwájú orí rẹ̀ ń wú, tí ó ń sunkún tí a sì ń sọ fún un pé kí ó fara dà á kí ó lè lẹ́wà, ìdí irun etí orí yóò máa fà tu díẹ̀díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí a bá dẹ ìdìrí náà, irun yóò padà hù, ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́, àpá yóò dí ojú ihò náà, kò sì sí ohun tí yóò hù níbẹ̀ mọ́ láéláé. Ìdòwú sọ pé ọmọ aráyé lè ba ìpín ẹni jẹ́, àwọn òǹkàwé sì máa ń ronú sí àjẹ́ àti ọ̀tá tí ń bẹ lẹ́yìn ilé. Ọwọ́ tí ó fẹ́ràn ọmọ gan-an lè jẹ́ ọwọ́ tí ó gba irun iwájú orí lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì yẹ kí a gbé irú àdánù bẹ́ẹ̀ lọ bá orí inú.

Ọ̀nà láti orí òde dé orí inú kò ṣàjèjì sí àwọn Yorùbá. Nígbà ìbọrí, ìyẹn ètò tí a fi ń bọ orí ẹni, obì, omi tútù, àgbọn, ẹja tàbí ìgbín ni a máa ń mú wá, awọ orí gan-an ni a sì máa ń fi wọ́n kàn, nítorí ibẹ̀ ni a ń gbà bá ti inú sọ̀rọ̀. Ní Kuba, àtọmọdọ́mọ àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ ń bá ètò yìí lọ lábẹ́ orúkọ rogación de cabeza, wọ́n ń fi àgbọn rírin, ẹfun, òwú àti aṣọ funfun bo orí ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀. Nítorí pé igi èmì kì í hù ní ilẹ̀ náà, ọ̀rá kòkó ni wọ́n fi rọ́pò òrí. Ní Brazil, bori ni àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ń pè é títí di òní. Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé èròjà ilé ni gbogbo nǹkan wọ̀nyí, ohun tútù tí a tún ń lo díẹ̀ nínú wọn fún awọ tí ń gbóná tí ó sì ń yún, àti pé ẹnikẹ́ni kì í sábà dá ṣe é fún ara rẹ̀. Mùsùlùmí tí ń fi ọwọ́ tútù pa orí nígbà àlùwàlá àti Kristẹni tí a fi òróró ta lórí mọ irú ìmọ̀lára yìí, bí ìgbàgbọ́ wọn nípa rẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀.

Ẹnìkan lè takò èyí, kí ó sọ pé a ń sọ ohun mímọ́ di ọ̀rọ̀ òróró irun, àti pé ẹni tí ó ń bọ orí rẹ̀ ń wá àlàáfíà àti ọ̀nà, kò wá irun gígùn. Àtakò náà ní ìwọ̀n òtítọ́, nítorí fífọ orí kì í ṣe ìbọrí, kò sì yẹ kí a da méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ọgbọ́n ya ìtọ́jú orí òde kúrò lára ìgbàgbọ́ nípa orí inú pátápátá yóò rí i pé àyànmọ́ ti di ohun tí kò ní ibi tí a ti lè fi ojú rí i, tí a kàn ń fi ẹnu sọ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Lórí awọ orí, ìgbàgbọ́ náà gbọ́dọ̀ dáhùn ní kedere: èwo ni a gbà, èwo ni ọwọ́ lè tún ṣe, èwo ni ọwọ́ bà jẹ́, èwo sì ni ó nílò ọwọ́ tí ó mọṣẹ́ ju tiwa lọ.

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ni làpálàpá orí fi ń dán ìdílé wò. Ewé asúnwọ̀n òyìnbó tí a fọ́ tí a sì fi ra làpálàpá ara ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn náà bá wọ orí ọmọdé, ó máa ń wọ inú fọ́nrán irun fúnra rẹ̀ títí dé ìdí rẹ̀ lábẹ́ awọ, ibi tí ewé, ọṣẹ àti òróró kò lè dé, oògùn tí a ń gbé mì, irú bíi griseofulvin, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni ó sì ń lé e jáde láti inú. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àpá lè wà níbẹ̀ tí irun kò ní hù mọ́. Òbí tí ó fi ewé ra orí ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí ó rí i pé kò gbọ́, tí ó sì gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn, ti ṣe ohun tí Afùwàpẹ́ ṣe nígbà tí ó dúró gba ìmọ̀ràn kí ó tó mú orí. Òbí tí ó sọ pé bí orí ọmọ náà ṣe yàn án nìyẹn, tí ó sì jókòó sílé, ti gbé ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ lé Àjàlá lórí, ẹ̀bi àpá tí yóò kù sórí ọmọ náà kò sì sí lọ́rùn amọ̀kòkò.