Ọkọ Nínú Ọkọ̀ Àtijọ́

Ìwọ tí o fẹ́ gbéyàwó, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní ìgbà àpọ́n kò gbọdọ̀ parí láìrin ìrìnàjò kan dé Kútọnú, dúró ná kí o tó yí kọ́kọ́rọ́. Mo gbé omi tútù dání, mo fẹ́ súre fún ọ. Ìwọ tí o sì ń kà á lásán, tí ìyàwó rẹ ti wà nílé tipẹ́, ìpín tìrẹ wà níbẹ̀.

Ọkọ ni ọ́, ọkọ̀ ni o wọ̀. Ọkọ̀ kò ní pa ọkọ. Bí ọkọ̀ ti ń lọ, ọkọ yóò máa lọ. Bí ọkọ̀ ti ń bọ̀, ọkọ yóò máa bọ̀, kí aya lè rí ọkọ, kí ọkọ lè rí ilé. Àṣẹ.

Ọkọ̀ tí o wọ̀ jù ọ́ lọ lọ́jọ́ orí. Peugeot 504 ni, èyí tí jíà rẹ̀ wà lára ọ̀pá sítíárì. Irú rẹ̀ ló gbé àwọn bàbá wa lọ síbi ìgbéyàwó tiwọn. Ìjàpá ń tẹ̀ lé e, Volkswagen tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí kì í mu omi, tí afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú lára. Ọdún kan náà, 1975, ni Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot, tí Èkó ń to Volkswagen. Bí Ìjàpá kì í ti í jìnnà sí ilé rẹ̀, ilé kò ní jìnnà sí ọ. Bí wọ́n ti pẹ́ láyé tí a sì ń nù wọ́n títí wọ́n fi ń dán, ìwọ náà yóò pẹ́ láyé, a ó máa kẹ́ ọ, a ó máa gẹ̀ ọ́.

Bí Ìkàrẹ́ ni o ti gbéra, tí ọ̀rẹ́ rẹ ń ti Ọ̀kà sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ẹ ó pàdé ní Àkùngbá, ìpàdé ayọ̀. Òkè yẹn gan-an ni mo fẹ́ gbàdúrà lé lórí. Ọmọ Àkókó tí kò bẹ̀rù òkè Ọ̀kà kò tíì wa ọkọ̀ níbẹ̀. Ó ga, ó yí, ó tún yí. Tírélà tí ó ru sìmẹ́ǹtì láti apá Kogí sì wà lẹ́yìn rẹ, bíréèkì rẹ̀ ti gbóná. A kò gbàgbé oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, tí irú rẹ̀ ya lu àwọn ènìyàn níwájú Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá. Kí Ọlọ́run tẹ́ àwọn tí ó lọ sí afẹ́fẹ́ rere. Ojú rẹ kò ní rí irú rẹ̀, ara rẹ kò ní rí i.

Bíréèkì rẹ yóò mú. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, yóò mú. Kí o tó tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ yóò ti ríran. Orí rẹ yóò rán ọ létí kí o fi jíà kejì sọ̀ kalẹ̀. Èyí tí ń sáré bọ̀ lẹ́yìn kò ní bá ọ. Òkè tí o bá gùn, ògo ni. Òkè tí o bá sọ̀, ìrọ̀rùn ni. Ògún, irin rẹ ni wọ́n wọ̀. Má jẹ́ kí irin fara kan ẹran ara wọn. Olódùmarè, ìwọ lo ni òkè, ìwọ lo ni ẹsẹ̀ òkè. Àṣẹ.

Ta tún ni nínú yín tí ó mú ọkọ̀ tí sítíárì rẹ̀ wà lápá ọ̀tún wá? Ó ti wà kí Nàìjíríà tó kúrò lápá òsì ọ̀nà ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972. Kí Ọlọ́run la ojú ẹni tí ó jókòó tì ọ́, nítorí òun ni yóò máa yọjú wo iwájú fún ọ kí o tó kọjá tírélà.

Bí o bá dé Ọ̀wọ̀, ọ̀wọ̀ kò ní wọ́n ọ, ọwọ́ rẹ kò ní ṣófo. Bí o bá dé Orè, oore ni yóò pàdé rẹ. Ní Sẹ̀mẹ̀, ìwé rẹ yóò pé, títí kan káàdì adójútòfò ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní Kútọnú ní 1982. Aṣọ́bodè yóò wò ó, kò ní rí àléébù. (Bí ó bá sì ní kí o ṣe dáadáa, kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹ̀rín tí kò ní ná ọ lówó.) Ní Àjàṣẹ́ lẹ́yìn ẹnubodè, wọn yóò kí ọ ní èdè ìyá rẹ, ìjà tí o bá jà láyé, àjàṣẹ́gun ni.

Àwọn Fọ̀n ní odò ikú ló bí orúkọ Kútọnú. Fún ọ, orúkọ lásán ni. Ẹ ó jẹ, ẹ ó mu, ẹ ó jó. Ọtí kò ní bá yín di sítíárì mú. Ẹ̀wù àpọ́n tí o bá bọ́ sí etí òkun níbẹ̀ kò ní wá ọ wálé.

Ìjókòó ẹ̀yìn tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ há mọ́ lónìí, ọmọ ni yóò kún un. Ọmọ yóò jà nítorí fèrèsé. Ọmọ yóò bì sórí awọ ìjókòó, ìwọ yóò máa rẹ́rìn-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá padà, kí ẹ tó yà wọ àdúgbò ní Ìkàrẹ́, ìyàwó rẹ yóò ti gbọ́ ìró Ìjàpá tí ń tẹ̀ lé ọ. Yóò mọ̀ pé ìwọ ni. Yóò gbé omi tútù jáde. Àṣẹ.