Pọ́lọ́ọ̀gì Wo Ni Ojúlówó?

Ẹni tó bá lọ ra pọ́lọ́ọ̀gì mọ́tò ní ọjà Ládìpọ̀, ní Múṣin, kò ní pẹ́ gbọ́ “orijínà ni.” Kí ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ gan-an? Bí ó bá túmọ̀ sí pé ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe pọ́lọ́ọ̀gì, a jẹ́ pé orijínà ṣọ̀wọ́n. Ilé iṣẹ́ Denso àti NGK ló sábà máa ń ṣe èyí tí Toyota ń kọ orúkọ rẹ̀ sí lára páálí. Àwọn ilé iṣẹ́ kan náà tún ń ta pọ́lọ́ọ̀gì lórúkọ ara wọn. Ọmọ ìyá ni wọ́n, aṣọ ló yàtọ̀.

Lójú tèmi, ìwà ni a fi ń mọ ojúlówó. Wándé Abímbọ́lá, onímọ̀ Ifá, ti ṣàlàyé pé láti inú “wà” ni “ìwà” ti jáde: bí nǹkan ṣe wà ni ìwà rẹ̀. Ìwà pọ́lọ́ọ̀gì sì ṣeé wọ̀n. Àlàfo wà lẹ́nu rẹ̀ tí iná ń ta kọjá, bíi mìlímítà kan nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní. Ó ní ìwọ̀n ooru tó lè gbé kúrò lẹ́nu. Irin ẹnu náà sì ní agbára tirẹ̀. Nickel ń yọ́ ní nǹkan bí 1,455 lórí òṣùwọ̀n Celsius, iridium ń fara dà á kọjá 2,400. Èyí tó bá bá ohun tí ìwé ìtọ́ni mọ́tò béèrè mu, ti mọ́tò náà ni, orúkọ yòówù kó máa jẹ́.

Ẹnìkan lè sọ pé ojú lásán kò rí ìwà irin, pé orúkọ nìkan ni òǹrajà lè gbára lé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ayédèrú ń gbà wọlé, torí páálí rọrùn láti tẹ̀ ju irin lọ. Pọ́lọ́ọ̀gì olówó pọ́ọ́kú tó ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ kò tan ẹnikẹ́ni. Kódà tòkunbọ̀ tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ kò ṣẹ̀ wá, níwọ̀n bí kò bá ti pe ara rẹ̀ ní tuntun.

Bí ayédèrú bá wá ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ìbéèrè yìí ló le jù. Iṣẹ́ ọjọ́ kìíní kọ́ ni òǹrajà sanwó fún; ọ̀pọ̀ ọdún ló rà, kò sì sẹ́ni tí yóò dáhùn fún ọdún wọ̀nyẹn. Òṣùwọ̀n tí a dín kù nìyẹn. Súúrà 83 nínú Kùránì fi ègún bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù. Kò kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ṣì yó.