Ta Ló Ń Jìyà Ẹwà Ọkọ̀?

Lọ́jọ́ Ẹtì Rere, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìjọsìn kékeré kan ní Chimayó, ní ìpínlẹ̀ New Mexico, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Láàárín 1813 sí 1816 ni wọ́n kọ́ ọ, erùpẹ̀ inú rẹ̀ ni àwọn olùfọkànsìn sì máa ń bù lọ sílé fún ìwòsàn. Àwọn mìíràn a fi òru rìn kí wọ́n tó dé. Ẹsẹ̀ a wú, àtẹ́lẹsẹ̀ a bó. Kò sẹ́ni tó fi túláàsì mú wọn. Fúnra wọn ni wọ́n yan ìyà náà, ara tiwọn náà ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́.

Lágbègbè yìí kan náà ni ọkọ̀ lowrider ti gbilẹ̀: ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ títí ikùn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà tó ń dán, tí wọ́n sì máa ń ya àwòrán Màríà Wúńdíá ti Guadalupe sí lára. David Jaramillo, ará Chimayó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Ford LTD ọdún 1969 kan. Nígbà tó kú ní 1978, Irene ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ẹbí kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró. Ọkọ̀ yẹn, "Dave's Dream", ti di ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington. Ẹni tó bá pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní fàájì lásán kò tíì wò ó dáadáa.

Síbẹ̀, ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí mẹkáníìkì nìkan kò lè dáhùn. Ẹni tó ń rìn lọ sí Chimayó ń fi ara rẹ̀ jìyà. Ẹni tó bá rẹ ọkọ̀ tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ sílẹ̀ ńkọ́, ara ta ló fi ń jìyà? Òun ló wà nídìí stíárìn, ó ti rí kòtò kó tó dé ibẹ̀, ó ti gbára dì. Ìyá àgbà tó jókòó lẹ́yìn kò rí i. Aláboyún kò rí i. Ṣé ó tọ́ kí ẹnì kan fi ìbàdí ẹlòmíràn ra ẹwà tó wu òun?

Ọ̀pọ̀ ló rò pé spring tó le ló ń fa ìyà yìí. Àyè tó dínkù lókè táyà ló fà á gan-an. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ìrọ̀rùn máa ń fì lọ sókè-sódò bí ìgbà 1 sí 1.5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn sì bá ara ènìyàn mu. Ṣùgbọ́n táyà gbọ́dọ̀ ní àyè tó lè gòkè sí. Ká ní àyè náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8, tí wọ́n wá rẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 4: ìdajì ti lọ nìyẹn. Kí spring tó lè gba agbára ìkọlù kan náà nínú ìdajì àyè, ó gbọ́dọ̀ le ní ìlọ́po 4. Ẹni tó kàn gé spring kò rí ìlọ́po 4 yẹn gbà rárá. Ní gbogbo ìgbà tí kòtò bá dé, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á lọ gbá rọ́bà ìdádúró tó wà lókè, ìgbájú yẹn ló sì ń wọ ọ̀pá ẹ̀yìn lọ.

Àwọn tó kọ́kọ́ rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ ní California a máa di àpò iyanrìn sí búùtù, wọn a sì máa gé spring. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣòfin pé ara ọkọ̀ kò gbọdọ̀ relẹ̀ ju ìsàlẹ̀ ríìmù lọ. Ron Aguirre wá so pọ́ǹpù ọ́ìlì tó ti ara ọkọ̀ òfurufú wá mọ́ Corvette 1957 rẹ̀, X-Sonic. Bó bá rí ọlọ́pàá, á gbé e sókè. Bí ọlọ́pàá bá kọjá, á tún sọ ọ́ kalẹ̀. Òfin ló ń sá fún, àmọ́ ó fi han gbogbo ayé pé ọkọ̀ lè relẹ̀ níbi ìdúró, kó sì gba àyè rẹ̀ padà kó tó wọ títì. Pọ́ǹpù nìkan kò tó ṣá o, torí ọ́ìlì kì í fún pọ̀ bíi spring. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Citroën ti rí èyí ní Faransé: lára ọkọ̀ DS tí wọ́n gbé jáde ní 1955, gáàsì tí wọ́n sé mọ́ inú bọ́ọ̀lù irin ló ń ṣe iṣẹ́ spring.

Àyè abẹ́ ọkọ̀ tí ìdílé ń wọ̀ kì í ṣe ti onímọ́tò nìkan. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ná an tán nítorí ìrísí. Ó lè mú nínú rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3, pẹ̀lú spring tó ń le sí i bó bá ṣe ń wọlé, ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣe fún irú gíga bẹ́ẹ̀, táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì nípọn, àti àláínmẹ́ǹtì lẹ́yìn iṣẹ́.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024, California fagi lé òfin gíga ọkọ̀ yẹn. Nígbà tí ọlọ́pàá kò ní wọ̀n ọ́n mọ́, àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ló kù tó yẹ kó wọ̀n ọ́n. Kí onímọ́tò tó sanwó iṣẹ́, kó kó gbogbo wọn sínú rẹ̀, kó gba ọ̀nà ilé ìwé àti ọ̀nà ọjà, kó sì bi ẹni tó jókòó lẹ́yìn bó ṣe rí lára rẹ̀.