Ọjọ́ Kẹwàá Muharram: Èwo Ni Òdodo Nínú Ohun Tí À Ń Gbọ́?

  

Bí Muharram bá ti wọlé, láti Lẹ́kkí títí dé Ajah ni a ó ti máa gbọ́ wáàsí Àṣúrà. Wọ́n á ní ọjọ́ kẹwàá náà ni Ọlọ́hun gba ìrònúpìwàdà Ànábì Ádámà, ọjọ́ náà ni ọkọ̀ Ànábì Nuhu gúnlẹ̀, ọjọ́ náà ni Ànábì Ibrahima bọ́ nínú iná, tí ẹja sì pọ Ànábì Yunusa síta. Òdodo ni àwọn ìtàn wọ̀nyí, Àlùkùránì sọ wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n ṣẹlẹ̀ ni kò sọ, àwọn onímọ̀ hadiisi kò sì rí ẹ̀gbàwá tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún un.

Èyí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ wà nínú Bukhari àti Muslim. Nígbà tí Ànábì wa dé Mẹ̀dínà, ó bá àwọn Yẹ̀húdì nínú ààwẹ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ní ọjọ́ tí Ọlọ́hun gba Ànábì Musa àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́wọ́ Firiaona ni. Ó ní àwa ni a súnmọ́ Musa jù wọ́n lọ, ó gba ààwẹ̀ náà, ó sì pa á láṣẹ. Ọjọ́ yìí kan náà, ní ọdún 61 Hijira (10 Oṣù Kẹwàá 680), ni wọ́n pa Husayn, ọmọ-ọmọ Ànábì, ní Karbala. Ọjọ́ tí àwọn kan là ni àwọn mìíràn kú. Bí ẹnìkan bá sì sọ pé nítorí ikú Husayn ni a ṣe ń gba ààwẹ̀ náà, ẹ bá a ṣírò: wọ́n ti ń gbà á kí a tó bí Husayn ní ọdún 4 Hijira.

Ẹ lè ní, "Àáfà, kí ni ó burú níbẹ̀? Ṣebí ìtàn rere ni." Ẹ gbọ́ eléyìí. Ọjọ́ tí Ibrahim, ọmọ Ànábì, kú, òkùnkùn bo oòrùn lójú ọ̀sán. Àwọn ènìyàn ní nítorí ikú ọmọ náà ni. Bàbá tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni Ànábì lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn ìbá sì buyì kún ilé rẹ̀. Síbẹ̀ ó dìde, ó ní oòrùn àti òṣùpá kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni.

Ti àdúgbò wa níbí ńkọ́? Ní alẹ́ 20 Oṣù Kẹwàá 2020, àwọn sójà yìnbọn ní tóògéètì Lẹ́kkí, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fẹ̀hónú hàn nítorí ọlọ́pàá SARS. Fóònù pọ̀ lọ́wọ́ wọn, àwọn mìíràn sì ń wò ó láti ilé bí ó ti ń lọ. Síbẹ̀, nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ìjọba Èkó gbé kalẹ̀ jábọ̀ ní Oṣù Kọkànlá 2021, ìwé tí ìjọba kan náà gbé jáde takò ó lórí ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ní ó kú. Bí èyí tí ó ṣojú wa bá le tó báyìí, báwo ni a ó ṣe gba ti ayé Ànábì Nuhu lẹ́nu ẹni tí kò lè sọ ibi tí ó ti gbọ́ ọ? Ìdí nìyí tí àwọn aṣíwájú wa fi ń bi ara wọn pé: lẹ́nu ta ni o ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ta ni òun náà ti gbọ́ ọ?

Ẹ má tìtorí èyí dìde bú àáfà láàrin èrò o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kírun tán, ẹ kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ tó béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà.

Ààwẹ̀ Àṣúrà kì í ṣe ọ̀ranyàn mọ́ láti ìgbà tí ti Ràmàdáánì ti di ọ̀ranyàn, ṣùgbọ́n hadiisi Muslim sọ pé ó ń pa ẹ̀ṣẹ̀ ọdún tí ó kọjá rẹ́. Ànábì pinnu láti fi ọjọ́ kẹsàn-án kún un, ṣùgbọ́n kò dé ọdún kejì kí ó tó papòdà. Nítorí náà, ẹ gba méjèèjì.