Ọ̀pá Tí A Fi Lé Wa Lọ́wọ́

Ẹ ka Ìwé sí àwọn Hébérù, orí 12, ẹsẹ 1.

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n nínú Olúwa, nígbà tí Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ń kọ̀wé sí ìjọ Kọ́ríńtì, láti pápá ìje ni ó ti mú àpẹẹrẹ ìgbé-ayé Onígbàgbọ́. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá wa wí bí àwa pẹ̀lú bá lọ sí pápá lónìí, àní títí dé ilẹ̀ Fiẹtnám ní Éṣíà, láti kọ́ ẹ̀kọ́ lára obìnrin kan.

Orúkọ rẹ̀ ni Nguyen Thi Huyen, tí a bí ní Nam Dinh ní 1993. Ìje 400 mítà ni iṣẹ́ rẹ̀, àti èyí tí a ń fo igi ìdènà lójú ọ̀nà. Ní 2015, ní Singapore, níbi ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà, ó gba wúrà mẹ́ta: ti 400 mítà, ti ìje afogi, àti ti ìje ẹlẹ́ni-mẹ́rin. Ní 2017, ní Bhubaneswar ní ilẹ̀ Íńdíà, ó gba wúrà gbogbo Éṣíà nínú ìje afogi. Ní 2018 ó bímọ. Ẹlòmíràn ì bá wí pé ó tán. Ṣùgbọ́n ní 2019, ní Philippines, ó tún gba wúrà 400 mítà.

Ìfaradà ńlá ni èyí. Síbẹ̀, ibòmíràn ni a fẹ́ kí ẹ wò. Ní oṣù Keje, 2023, ní Bangkok, òun pẹ̀lú Hoang Thi Minh Hanh, Nguyen Thi Ngoc àti Nguyen Thi Hang gba wúrà gbogbo Éṣíà nínú ìje ẹlẹ́ni-mẹ́rin. Ẹni tí ó ti dá nìkan gba wúrà lọ́pọ̀ ìgbà, ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni ó sá níbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ òfin ìje náà. Ọ̀pá kékeré kan ni wọ́n ń fi lé ara wọn lọ́wọ́, láàrin ibi tí a ti fi ìlà sàmì sí. Ibi tí ọ̀pá wà ni adájọ́ ń wò, kì í ṣe ibi tí ara sárésáré wà. Wọn kò gbọdọ̀ jù ú; láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni. Ìfilélọ́wọ́ náà kò sì parí títí yóò fi kù sí ọwọ́ ẹni tí ó gbà á nìkan. Bí ó bá bọ́ kí ó tó rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń fi í fúnni ni yóò ṣà á.

Ará, àwa ńkọ́? A mọ ẹni tí ó wí pé òun ti fi ẹgbẹ́ akọrin lé ọ̀dọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí kọ́kọ́rọ́ àpótí ìwé orin kò kúrò lápò rẹ̀. Ọwọ́ méjì ni ó wà lára ọ̀pá náà! A kò yọ ara wa sílẹ̀. Ọdún méjì ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kí òun kọ́ kíláàsì Bíbélì. A ní ọmọdé ni. Ó dákẹ́, nígbà tí ó sì pẹ́, a kò rí i mọ́. Bí ọ̀pá ti bọ́ nìyẹn, àwa ni a sì gbọ́dọ̀ ṣà á. A ti lọ sí ilé rẹ̀ láti tọrọ àforíjì. A ó tún lọ.

Àwọn baba wa wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin àgbà ìjọ, ta ni ó ń na ọwọ́ sí yín? Ẹ wò ó kí ọdún yìí tó parí. Kì í ṣe tiwa ni ọ̀pá náà: a gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ó ti sá ṣáájú, a ó sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Kí Olúwa fún wa ní ọwọ́ tí ó mọ ìgbà dídìmú àti ìgbà jíjọ̀wọ́. Àmín.