Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ilẹ̀ tí Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé Ń Fẹ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àwa ọmọ ènìyàn ni a máa ń fẹ́ ìtẹ́ tí ó ju ara wa lọ. Nítorí náà, ó yẹ kí á bi ara wa léèrè: báwo ni ilẹ̀ tí ẹni tí ń dá ọgbà sí ẹ̀yìnkùlé nílò ṣe pọ̀ tó ní tòótọ́?

Ohun tí a bá fẹ́ gbìn ni yóò kọ́kọ́ dáhùn. Láyé àtijọ́, iye ebè ni àwọn baba wa fi ń wọn oko. Bí ìdílé kan bá ń jẹ iṣu kan lójúmọ́, tí ebè kọ̀ọ̀kan sì mú iṣu kan jáde, ebè 365 ni wọn yóò kọ lọ́dún. Bí ebè kan bá gba mítà kan níbùú àti lóròó, ó ti gbà ju ìdajì púlọ́ọ̀tì tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 lọ, a kò sì tíì kọ́lé. Oko ni ilé iṣu, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé.

Ti ẹ̀fọ́ yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ebè pẹrẹsẹ mẹ́fà, irú èyí tí àwọn ológbà ń pè ní bẹ́ẹ̀dì. Kí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láti ọ̀tún àti òsì láìtẹ ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Kí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́wàá. Bí a bá ń gbin tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú sí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, nígbà tí a bá gbin ẹ̀kẹfà tán, ti àkọ́kọ́ ti tó fà. A ó fà á, a ó sì tún un gbìn. Bí a bá pín púlọ́ọ̀tì yẹn sí ọ̀nà ọgbọ̀n, ìpín kan ṣoṣo ni bẹ́ẹ̀dì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbà, yàtọ̀ sí ojú ọ̀nà àárín wọn.

Omi ni òṣùwọ̀n kejì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bẹ́ẹ̀dì kan lè mu tó garawa omi kan lójúmọ́. Ta ni yóò máa fa garawa mẹ́fà láti inú kànga lójoojúmọ́, lẹ́yìn tí ó ti ibi iṣẹ́ dé? Àwọn Hausa tí ń dáko ẹ̀ẹ̀rùn ní fàdámà mọ èyí dájú. Nígbà tí ó jẹ́ pé igi gígùn tí wọ́n ń pè ní jigo ni wọ́n fi ń fa omi, ibi tí omi jigo bá mọ ni ọgbà mọ.

Ẹnìkan lè sọ pé torí ọmọ ni òun ṣe ń ra ilẹ̀ kún ilẹ̀, àti pé owó a máa dínkù lágbára nígbà tí ilẹ̀ kì í jẹrà. Òótọ́ ni, n kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n kí á pe ìyẹn ní ìfowópamọ́, kí á má pè é ní ọgbà. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 gbà kí ẹni tí ó ti ní ilẹ̀ ìgboro tẹ́lẹ̀ di ìdajì hẹ́kítà mú láìkọ́ nǹkan kan sí i. Èyí ju púlọ́ọ̀tì méje irú èyí tí a mẹ́nu bà lọ. Ohun tí ènìyàn lè dì mú ni òfin ń wọ̀n. Ohun tí apá ènìyàn ká ni ọgbà ń wọ̀n.

Níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀ràn ẹ̀rí ọkàn nìyí. Ayálégbé kan ń gbin ata sínú àpò àti abọ́ fífọ́, bẹ́ẹ̀ ni igbó kún púlọ́ọ̀tì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba onílẹ̀ pé ẹni tí òun bá yá nílẹ̀ yóò gbà á mọ́ òun lọ́wọ́. Àṣà wa ti rí sí èyí tipẹ́. Ẹni tí a yá nílẹ̀ lè gbin ẹ̀fọ́ àti àgbàdo, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin obì, kòkó tàbí ọ̀pẹ, nítorí igi a máa pẹ́ lórí ilẹ̀ ju ẹni tí ó gbìn ín lọ. Yóò sì máa san ìṣákọ́lẹ̀, láti fi hàn pé òun mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀.

Nítorí náà, ilẹ̀ tí ológbà nílò ni èyí tí ó lè bomi rin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tí ó bá kù lè máa jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó yá ẹni tí apá rẹ̀ ká a. Ilẹ̀ kì í bínú sí ẹni tí ó ní in púpọ̀. Aládùúgbò tí kò ní ibi tí yóò gbin ata sí ni ojú rẹ̀ ń rí igbó náà lójoojúmọ́.